Ọwọ́ Ayàwòrán, Ẹnu Ẹlòmíràn

Ọ̀nà mẹ́ta ni Yorùbá ń gbà sọ̀rọ̀ ẹni tí ó ti kú. Bí ó bá jẹ́ ìtàn ni, "ó" ni a ó máa pè é: ó jagun, ó tẹ ìlú dó, ó bímọ. Bí ó bá jẹ́ oríkì ni, "ìwọ" ni. A ó dojú kọ òkú náà bí ẹni pé ó dúró níwájú wa, a ó máa pè é, a ó máa kì í, kò sì sí ẹni tí yóò gba ọ̀rọ̀ sọ mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀nà kẹta ni ti egúngún, níbi tí ará ọ̀run ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ wí pé "èmi". Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ọ̀nà kẹta yìí ni a fi èèwọ̀ yí ká jù lọ. Aṣọ gbọ́dọ̀ bo ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí padà, àwọn tí wọ́n mọ awo sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí rẹ̀. Àwọn baba wa mọ̀ pé ohun tí ó léwu ni kí alààyè máa wí "èmi" dípò òkú.

Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ṣíwájú nítorí ìwé kan tí mo fẹ́ yẹ̀ wò, èyí tí ó gba ọ̀nà kẹta náà láìda aṣọ borí. Tom Scioli, ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́, òun náà ni ó sì ya àwòrán inú rẹ̀. Ten Speed Press ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2020. Àkọlé rẹ̀ ni Jack Kirby: The Epic Life of the King of Comics. Ìtàn ìgbésí ayé ayàwòrán ni, àwòrán ni a sì fi sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìbéèrè tí mo mú tọ ìwé náà lọ kò ju méjì lọ. Kí ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè ṣe tí ìwé ọ̀rọ̀ nìkan kò lè ṣe? Ibo sì ni ó ti lè ṣì wá lọ́nà? Ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí àwa náà ní ayàwòrán tí ó yẹ kí a sọ ìtàn rẹ̀ báyìí, mo sì ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí ìwé náà dá lé lórí. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1917 ni a bí Jack Kirby, ní àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní ìlú New York. Jacob Kurtzberg ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Júù ni àwọn òbí rẹ̀, láti ilẹ̀ Austria ni wọ́n ti ṣí wá, nídìí iṣẹ́ aṣọ rírán sì ni baba rẹ̀ ti ń jẹun. Ní ìparí ọdún 1940, òun àti Joe Simon gbé akọni kan jáde tí wọ́n pè ní Captain America. Lára èèpo ìwé àkọ́kọ́, akọni náà ń fi ẹ̀ṣẹ́ gbá Hitler ní àgbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ó ku nǹkan bí ọdún kan kí Amẹ́ríkà tó wọ ogun. Láti ọdún 1961, òun àti Stan Lee gbé Fantastic Four, Hulk àti X-Men jáde fún ilé-iṣẹ́ Marvel. Wọ́n mú Thor, òrìṣà àrá àwọn ará àríwá Yúróòpù, wọ́n sọ ọ́ di akọni, bí ẹni pé ẹnì kan mú Ṣàngó láàárín wa tí ó gbé e wọ inú ìwé ọmọdé. Ní ọdún 1966 wọ́n tún gbé Black Panther jáde, ọba adúláwọ̀ ilẹ̀ Wakanda, ẹni tí fíìmù ọdún 2018 sọ di olókìkí ní gbogbo ayé. Kirby kú ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 1994, ó jẹ́ ẹni ọdún 76.

Ohun tí Scioli ṣe dáadáa jù lọ ni pé ó jẹ́ kí a rí iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ìgbésí ayé ni ó máa ń sọ fún wa pé ẹnì kan jẹ́ aláápọn, gbólóhùn náà a sì fẹ́ kọjá bí atẹ́gùn. Níhìn-ín, a kò sọ ọ́ fún wa lásán. Ojú wa ni a fi rí i. Léraléra ni a ń padà bá ọkùnrin kúkúrú kan tí ó tẹ̀ba sórí tábìlì pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́. Yàrá kan ní abẹ́ ilé rẹ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀ pè ní túbú. Bí a ti ń ṣí ìwé náà, tí a sì tún ń bá ọkùnrin yìí lórí tábìlì, ó ń yé wa pé àwọn akọni tí ń fò lójú sánmà wọ̀nyí, ẹ̀yìn tí ó ń dunni àti ìka tí ó wú ni ó bí wọn. Ẹni tí ó ń ya àwòrán mọ ohun tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fara dà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ẹ̀rí irú èyí kò sí nínú ìwé tí a fi ọ̀rọ̀ nìkan kọ.

Bí ó ti ya Kirby fúnra rẹ̀ tún yẹ fún àfiyèsí. Àwọn ènìyàn yòókù nínú ìwé náà ní ojú bí ojú ènìyàn, ṣùgbọ́n ti Kirby tóbi rekete bí ojú ọmọ tí ẹnu yà, títí ó fi di arúgbó. Òǹkàwé kan lè sọ pé kò jọ ọ́. Ẹni tí ó bá ti fara balẹ̀ wo ère Yorùbá kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Agbẹ́gilére wa kì í fi ọ̀pá wọn ara ènìyàn, iyì ni ó fi ń wọ̀n ọ́n. Orí ère máa ń gba ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀, nígbà mìíràn ìdá kan nínú mẹ́ta, nítorí pé orí ni olúwa ara. Ojú a sì yọ bọ̀lọ̀jọ̀ nítorí pé ojú ni ọba. Iṣẹ́ ojú ni Kirby fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, Scioli sì fún ojú ní ìwọ̀n tí ó tọ́ sí i. Mo ka èyí sí òye ńlá.

Orí tí ó sọ̀rọ̀ ogun ni mo fi etí tí ó yàtọ̀ gbọ́, nítorí ibi tí mo ti ń kọ̀wé. Àgọ́ Aláyé ni mo wà, ní agbègbè Ọ̀rẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra la ilẹ̀ Àárín Ìwọ̀-Oòrùn já, wọ́n dé Ọ̀rẹ̀ ní ọ̀nà Èkó, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ sì ti dá wọn dúró. Gbólóhùn kan ni gbogbo Yorùbá mú nínú ìjà náà: ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀. Gbólóhùn náà tàn kálẹ̀ débi pé ọmọ tí kò mọ ibi tí Ọ̀rẹ̀ wà ń fi í dárà. Ó pa ẹ̀rù ọjọ́ náà mọ́ fún wa, ṣùgbọ́n kò pa ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Kò sọ ẹni tí ó gbé ọmọ pọ̀n wọ inú oko kòkó, kò sì sọ bí títì ti rí nígbà tí ọkọ̀ kò gba ibẹ̀ mọ́. Ìró ni, kì í ṣe àwòrán.

Nínú ìwé Scioli, ogun ní ojú. Kirby gúnlẹ̀ sí etíkun Normandy ní oṣù kẹjọ ọdún 1944. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń sọ ọ́, ọ̀gá kan mọ̀ pé ayàwòrán ni, ó sì ń rán an ṣíwájú àwọn yòókù kí ó lọ ya bí ìlú tí ọ̀tá wà ti rí. Òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Bí a bá ti rí ọmọ ogun tí ń rìn nínú yìnyín pẹ̀lú pẹ́ńsù, tí a wá padà sí àwọn akọni tí ó yà lẹ́yìn ogun, a ó mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n ń jù kì í ṣe eré. Kò sí àlàyé tí òǹkọ̀wé lè ṣe tí yóò so ohun méjèèjì pọ̀ kíákíá bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo ti yin ọwọ́ tán, ó di dandan kí n kojú ẹnu. "Èmi" ni Scioli fi sọ ìtàn náà. Kirby ni ó ń sọ ọ́ fún wa. Èyí kì bá má mú ìṣòro lọ́wọ́ bí ayé Kirby kò bá ní ìjà nínú. Ṣùgbọ́n ìjà ni ó gba ìdajì ayé rẹ̀, ohun tí ó sì fa ìjà náà ni ìbéèrè yìí: ta ni ó dá àwọn akọni wọ̀nyí? Ẹ wo bí iṣẹ́ wọn ti ń lọ. Kirby àti Stan Lee a sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìtàn tí ó kàn. Kirby a lọ sílé, a ya gbogbo ìtàn náà láti ojú-ewé kìíní dé ìkẹyìn, a pinnu ẹni tí yóò wọlé, ẹni tí yóò jà, àti ibi tí yóò parí sí. Lẹ́yìn náà ni Stan Lee yóò wá fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Ọwọ́ ni ó ṣíwájú, ẹnu dé lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹnu ni ó gba orúkọ òǹkọ̀wé, òun ni ó sì gba èyí tí ó pọ̀ nínú ìyìn. Ohun tí ó dun Kirby títí ó fi kú nìyí.

Kí wá ni Scioli ṣe? Ó mú àwòrán Kirby, ó sì fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ẹ̀dá ọwọ́ Kirby nígbà ayé rẹ̀ ni olólùfẹ́ rẹ̀ tún ṣe fún Kirby fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ikú. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò dá mi lóhùn pé inú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí Kirby ṣe ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà ti wá. N kò jà wọ́n níyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ arúgbó tí inú ń bí kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan tí The Comics Journal tẹ̀ jáde ní ọdún 1990, Kirby sọ pé òun àti Stan Lee kò tilẹ̀ jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ rí. Ìbínú ọgbọ̀n ọdún ni ó sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Bí òpìtàn bá kọ ọ́ pé "Kirby wí pé", òǹkàwé yóò mọ ìwọ̀n tí yóò fi wọ̀n ọ́n. Bí ó bá di "èmi", tí àwòrán sì tì í lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ olùpẹ̀jọ́ ti di ìdájọ́ nìyẹn. Bí Stan Lee bá tilẹ̀ gba àyè sọ̀rọ̀ nínú ìwé náà, inú ilé Kirby ni ó ti ń sọ ọ́, orí àga àlejò ni ó sì jókòó lé. Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹjọ́ Kirby sì dára tó láti dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò nílò irú ìrànlọ́wọ́ yìí.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù fún un kì í ṣe ti ẹnu rárá. Ojú-ewé ni. Nígbà tí àwọn ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àwọn ojú-ewé tí wọ́n fi ọwọ́ yà lọ́wọ́ Marvel, ilé-iṣẹ́ náà gbé ìwé kan síwájú Kirby tí ó le ju èyí tí wọ́n gbé síwájú àwọn ẹlòmíràn lọ, pé kí ó fọwọ́ sí i kí ó tó rí nǹkan gbà. Àríyànjiyàn náà gba ọdún púpọ̀. Ní ọdún 1987 ni ó gba nǹkan bí 2,000 ojú-ewé padà, nínú ohun tí ó lé ní 10,000 tí ó yà fún wọn. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ àṣẹ lórí àwọn akọni náà lọ sí ilé-ẹjọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní ọdún 2014 ni tọ̀tún-tòsì parí rẹ̀ ní ìtùbí-ìnùbí. Ìṣirò yìí nìkan tó láti mú òǹkàwé dákẹ́: 10,000 tí ó ti ọwọ́ ẹnì kan jáde, 2,000 tí ó padà síbẹ̀. Níbi tí Scioli bá ti jẹ́ kí irú ohun báyìí sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ìwé rẹ̀ ga.

Kí ni èyí kàn wá? Ó kàn wá nítorí pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó máa ń yà wá, tí a sì ń sanwó láti wo ara wa. Ní ọdún 1975, ìwé ìtàn alàwòrán kan tí a ń pè ní Power Man bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fún àwọn òǹkàwé ní Nàìjíríà. Adúláwọ̀ ni akọni inú rẹ̀. Dave Gibbons àti Brian Bolland, Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì, ni ó ń yà á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn méjèèjì sì di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ náà lẹ́yìn náà. Nàìjíríà wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ṣẹ́. N kò sọ èyí láti bú wọn, nítorí ọwọ́ wọn dá ṣáṣá. Kì í sì í ṣe pé àwa kò ní ọwọ́: Wale Adenuga bẹ̀rẹ̀ Ikebe Super ní ọdún 1976, Papa Ajasco sì ti inú ìwé náà bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí mo ń wí ni pé ìlú tí kò bá sọ ìtàn àwọn ayàwòrán rẹ̀ yóò máa rò pé òkèèrè ni àwòrán ti ń wá.

Ẹni tí mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀ ni Akínọlá Láṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níhìn-ín. Ọdún 1916 ni a bí i, ọdún kan ṣáájú Kirby. Ọ̀wọ̀ yìí kan náà ni ìlú Justus Akérédolú, ẹni tí ó dá ọnà ẹ̀gún fífín sílẹ̀. Láṣekan kò rí ilé-ẹ̀kọ́ ọnà lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ inú lẹ́tà, èyí tí a ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, ni ó fi mọ iṣẹ́. Láti ọdún 1944 ni ó ti ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ sínú West African Pilot, ìwé ìròyìn tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní ọdún 1937. "Lash" ni ó ń fọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Fún àwọn tí kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ìròyìn náà, àwòrán Lash ni olóòtú. Òyìnbó amúnisìn tí gbogbo ìlú ń dọ̀bálẹ̀ fún di ẹni tí ènìyàn lè fi rẹ́rìn-ín ní tábìlì oúnjẹ. Ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Nsukka kí ogun tó dé, ó sì bọ́ sí Ifẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó kú ní ọdún 1972.

Ìgbésí ayé yìí náà ní ìjà nínú. Láṣekan kì í ṣe adájọ́ láàárín ẹgbẹ́ òṣèlú. NCNC ni ó ń ṣe, ó sì fi pẹ́ńsù rẹ̀ na Awólọ́wọ̀ àti Action Group nínànáná. Bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ pé ní Ọ̀wọ̀, ìlú tí a ti bí i, ni wọ́n ti ṣí ẹgbẹ́ Action Group fún gbogbo ayé ní oṣù kẹrin ọdún 1951. Ẹ wo irú ojú-ewé tí ayàwòrán gidi lè fi ìyẹn dá! Ní apá kan, àwọn ènìyàn Ọ̀wọ̀ ń jó, wọ́n ń hó; ní apá kejì, ọmọ wọn ń gbẹ́ pẹ́ńsù rẹ̀ fún ẹgbẹ́ tí ń bá wọn du ipò. Bí a bá fi "èmi" sọ èyí, a ti sọ ọmọ ẹgbẹ́ kan di ẹni tí ó ń sọ òtítọ́ fún gbogbo ìlú. Àwọn tí ó nà yóò sì di ọ̀tá lójú ọmọ tí ń kàwé, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà lè jẹ́ ọmọ-ọmọ wọn.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí ẹni tí yóò ya Láṣekan lo "ìwọ" olóríkì. Akéwì tí ń ki ènìyàn kì í ṣe bí ẹni pé òun ni ẹni náà. Ó dúró ní ibi tí ó dúró sí, gbogbo ènìyàn sì rí i. Oríkì kì í sì í fi àléébù pamọ́. Bí ẹni náà bá gbójú, yóò wí i. Bí ó bá ní ọ̀tá, yóò dárúkọ ọ̀tá. Bí ó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, yóò fi í sáàárín ìyìn bí ẹni fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Mo lérò pé irú ohùn bẹ́ẹ̀ yẹ fún ìwé alàwòrán ju ohùn tí Scioli yàn lọ, nítorí pé yóò fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ẹni tí ń yà àti ẹni tí a ń yà. Nínú àlàfo yẹn ni òǹkàwé yóò ti rí àyè ronú.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gbé pẹ́ńsù, ọ̀rọ̀ ojú-ewé wà nílẹ̀. Nígbà tí Kirby ń jà, ó kéré tán, àwọn ojú-ewé kan wà tí ó ń jà fún. Orí bébà ìwé ìròyìn ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Láṣekan wà, àwa sì mọ ohun tí a ń fi ìwé ìròyìn tí a ti kà tán ṣe: àkàrà ni a ń fi í dì. Àwọn èyí tí ó kù wà nínú ìdìpọ̀ West African Pilot ní ilé ìpamọ́ ìwé àti ní yàrá-ìkàwé àwọn yunifásítì wa, níbi tí eruku àti kòkòrò ti ń kà á ju ènìyàn lọ. Bébà náà ń gbó lójoojúmọ́. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí a ya fọ́tò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a to wọ́n ní ọdún-dé-ọdún, kí a sì kọ sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú ní ọ̀sẹ̀ tí ó jáde. Ìdìpọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ yóò ti di ìtàn ìgbésí ayé kan, ọwọ́ Láṣekan ni yóò sì sọ ọ́.

Ẹni tí ó bá lówó lọ́wọ́, kí ó ra ìwé Scioli fún ọmọ rẹ̀ tí ń yàwòrán. Kí ó jẹ́ kí ọmọ náà wo bí àgbà ti tẹ̀ba sórí tábìlì, kí ó sì sọ fún un pé kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ ohun tí ó bá yà, kí ó tọ́jú rẹ̀, kí ó má sì fọwọ́ sí ìwé tí kò bá kà. Bí ọmọ náà bá wá béèrè ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé náà, kí ó sọ òtítọ́ fún un pé kì í ṣe Kirby. Ohun tí Kirby fi sílẹ̀ ni àwọn ojú-ewé rẹ̀.